Kí ló dé tí “furnitures” fi jẹ́ àṣìṣe? Ìtàn owó ẹyọ, kòkó Ọ̀wẹ̀nà àti Gẹ̀ẹ́sì tí kò ṣeé kà

Ẹ̀yin èèyàn mi, okùn ọ̀rọ̀ tòní gùn. Ẹni tí data ẹ̀ bá ti fẹ́ tán, kó yáa ra òmíì, tàbí kó fi èyí pamọ́ kó padà wá kà á lálẹ́.

Ìbéèrè ni mo fẹ́ fi ṣíde. Kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì fi gbà pé ẹ̀wà ṣeé kà, tó wá ní ìrẹsì ò ṣeé kà? “Beans” ní s nídìí. “Rice” ò ní. Ẹ lọ sí ọjà Ọ̀wẹ̀nà, ẹ dúró níwájú ìyá tó pàtẹ méjèèjì. Wóró lèyí, wóró nìyẹn. Kóńgò kan náà ni màmá máa fi wọn méjèèjì fún yín. Kò sẹ́ni tó máa ń ka ẹ̀wà lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó gbé e kaná. Àmọ́ tí ọmọ màmá yẹn bá kọ “rices” nínú ìdánwò, báírò pupa ló máa bá a.

Ohun tí wọ́n ń pè ní “countable” àti “uncountable” nìyẹn. Ìwé gírámà Yorùbá ń pè é ní ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà àti ọ̀rọ̀-orúkọ aláìṣeékà. Àlàyé tí tíṣà máa ń ṣe fún wa ò ju báyìí lọ: ohun tó o bá lè kà, fi s sí i, èyí tó ò bá lè kà, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò. Àga ṣeé kà. Tábìlì ṣeé kà. Bẹ́ẹ̀dì ṣeé kà. Ẹ kó gbogbo wọn pọ̀ kí ẹ pè wọ́n ní “furniture”, ó tán, wọn ò ṣeé kà mọ́! Owó ńkọ́? Ojoojúmọ́ là ń ka owó, kódà báńkì ra ẹ̀rọ tó ń bá wọn kà á. Síbẹ̀ “money” ò ṣeé kà nínú Gẹ̀ẹ́sì. “News” ní s nídìí, ẹ̀yọ kan ni wọ́n kà á sí.

Torí náà, kì í ṣe ojú ló ń pinnu ohun tó ṣeé kà. Àṣà ni, àṣà sì ní ìtàn. Apá kan ìtàn yẹn gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ó gba inú àpò owó àwọn baba ńlá wa, ó sì gba inú àpò kòkó ní Ọ̀wẹ̀nà.

Kí òyìnbó tó kó sílè dé, owó ẹyọ là ń ná nílẹ̀ Yorùbá. Láti Òkun Íńdíà ló ti wá, ní àwọn erékùṣù Maldives. Ẹ wo orúkọ ẹ̀ dáadáa: owó ẹyọ. Ọ̀rọ̀ “ẹyọ” yẹn náà là ń lò dòní tá a bá ní “fún mi ní ẹyọ kan”. Owó táwọn baba wa ń ná, kíkà ló wà fún.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó nìyí, Samuel Johnson ṣàlàyé ẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Wọ́n á sín ogójì ẹyọ sórí okùn kan. Okùn àádọ́ta jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000.

Ẹ dúró lórí ọ̀kẹ́ yẹn. Àpò ni ọ̀kẹ́. Àpò gidi tí wọ́n ń rọ owó sí. Nígbà tó pẹ́, ohun tí wọ́n ń kó owó sí di nọ́ńbà fúnra ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá tó jiná fi ń pe mílíọ̀nù kan ní àádọ́ta ọ̀kẹ́: àpò àádọ́ta, 20,000 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe é lórí kàkùlétọ̀ yín, á bọ́ sí i.

Òyìnbó kan wà tó ń jẹ́ Adolphus Mann, míṣọ́nnárì CMS tó gbé ní Ìjàyè. Ní 1887 wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ ẹ̀ jáde ní London lórí bí Yorùbá ṣe ń kà. Ó ní wọ́n á da owó sílẹ̀ gbàjáre, ẹni tó ń kà á á kúnlẹ̀ tàbí kó jókòó ti òkìtì náà, á máa fa márùn-ún márùn-ún. Tí márùn-ún bá pé ogún ìgbà, ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ọgọ́rùn-ún méjì á para pọ̀ di igba. Wọ́n á tún ka igba mìíràn, wọ́n á gbá a mọ́ ti àkọ́kọ́. Bí òkìtì ṣe ń ga nìyẹn.

Mann gbà pé inú òkìtì owó yẹn ni ìṣirò wa ti wá, èyí tó ń mú orí yí ọmọ ìsinsìnyí. Tá a bá fẹ́ sọ 45, a ò ní sọ pé ogójì àti márùn-ún. Àrùndínláàádọ́ta là ń sọ: àádọ́ta tí wọ́n ti yọ márùn-ún kúrò nínú ẹ̀. Àádọ́ta fúnra ẹ̀, ọgọ́ta tí wọ́n yọ mẹ́wàá kúrò ni. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ fa owó sí òkìtì, tó ń fa owó kúrò nínú òkìtì, ìyọkúrò ò lè ṣòro fún un. Àwa tá à ń ka nọ́ńbà lórí pátákó ló ń ṣòro fún.

Ẹ tún wo èyí. Kí ló dé tá a fi ń kà báyìí: oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin? Àwọn onímọ̀ èdè, Johnson náà wà lára wọn, ní “owó” ló fara pamọ́ síbẹ̀. Owó kan, owó èjì, owó ẹ̀ta, ló súnkì di oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Ìyẹn ni pé gbogbo ìgbà tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi bá ń ka “oókan, eéjì”, owó ẹyọ tí kò rí rí ló ń kà. Tẹ́ ẹ bá bi mí, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi nínú gírámà Yorùbá tó èyí.

Wàyí o, ibi tọ́rọ̀ ti wá yí bírí nìyí.

Oníṣòwò òyìnbó tó ń kó owó ẹyọ wá kì í kà á. Ó ń wọ̀n ọ́n ni. Ní Amsterdam àti London, ìwúwo ni wọ́n fi ń tà á fúnra wọn, bí ẹni ń ta sìmẹ́ǹtì. Tí ọkọ̀ ojú omi bá wá gúnlẹ̀ sí etíkun wa, tí owó náà wọ inú ìlú, ó di kíkà. Ohun kan náà, aláìṣeékà lọ́hùn-ún, aṣeékà níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òwò á ti rí ibi tí èrè wà: tẹ́ ẹ bá ń rà á ní ìwọ̀n, tẹ́ ẹ wá ń ná an ní iye, ẹyọ kéékèèké ló máa pé yín jù, torí ó máa pọ̀ nínú ìwọ̀n kan.

Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó oríṣi mìíràn wá láti Zanzibar. Ìyẹn tóbi ju ti Maldives lọ, ó sì pọ̀ bí yanrìn. Wọ́n kó o wọ Èkó àti Wídà títí owó fi sọ agbára nù. Ohun tí ọ̀kẹ́ kan ń rà tẹ́lẹ̀, ọ̀kẹ́ mélòó kan ni wọ́n ń fi rà á mọ́. Ìnáwó wá di ẹrù rírù gidi, ẹ máa wá alágbàrù tí ẹ bá fẹ́ sanwó. Ní 1904 ìjọba òyìnbó fòfin de kíkó owó ẹyọ wọlé sí Gúúsù Nàìjíríà. Àpò owó tí ìdílé fi pamọ́ sí yàrá wá di nǹkan ìṣeré àti ti ifá.

Ṣùgbọ́n ọkàn Yorùbá ò kúrò lára àpò. Owó òyìnbó dé, a sọ £100 di àpò kan. Ní January 1973 náírà dé, £1 di ₦2, àpò kan di ₦200. Ẹ wá lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà lọ́jà lónìí, ẹ bi wọ́n ní èló, wọ́n lè dá yín lóhùn pé àpò márùn-ún. Ẹgbẹ̀rún náírà nìyẹn o. Ẹ má wo ilẹ̀ kẹ́ ẹ máa wá àpò kankan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ọ̀wẹ̀nà.

Fún ẹni tí kò débẹ̀ rí: tẹ́ ẹ bá ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó, ẹ máa dé ibi odò Ọ̀wẹ̀nà. Ìlú tó wà níbẹ̀ ni Ọ̀wẹ̀nà, ìjọba ìbílẹ̀ Ìdànrè. Odò yẹn lókìkí ju bí ìlú ṣe tóbi lọ: orúkọ ẹ̀ ló wà lára Benin-Owena River Basin tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1976, òun ló wà lára Owena Press tó ń tẹ ìwé ìròyìn The Hope, ó sì wà lára báńkì tí ìpínlẹ̀ Oǹdó ní nígbà kan. Ẹni tó bá mọ Ìdànrè mọ òkè rẹ̀ àti àtẹ̀gùn tó gun orí ẹ̀. (Àwọn kan kà á ní 660, àwọn kan ní 667. Ohun aṣeékà nìyẹn o, iye ẹ̀ ò tíì dọ́gba.) Àmọ́ tí wọ́n bá dárúkọ Ọ̀wẹ̀nà àti Ìdànrè fún ẹni tó ń ṣòwò, kòkó ló máa wá sí i lọ́kàn. Agbègbè yẹn wà lára ibi tí kòkó ti ń jáde jù ní Nàìjíríà. CRIN, ilé ìwádìí kòkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964, tí olú iléeṣẹ́ ẹ̀ wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ n’Íbàdàn, ní ẹ̀ka kan ní Ọ̀wẹ̀nà.

“Cocoa” nínú Gẹ̀ẹ́sì, aláìṣeékà ni. Ẹ ò gbọ́dọ̀ ní “two cocoas”, àyàfi tẹ́ ẹ bá ń bèèrè ife tíì méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń ta á.

Àgbẹ̀ ńkọ́? Àgbẹ̀ ń ka kòkó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ni. Ó ń ka igi: tó bá gbìn ín ní mítà mẹ́ta síra, igi bíi 1,111 ló máa wọ hẹ́kítà kan. Ó ń ka èso tó wà lára igi, torí èso tó bá dúdú nígbà òjò, àdánù ni. Èso kan lè ní wóró ogún sí àádọ́ta nínú. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á kó wóró ẹ̀ jọ, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọ́n á sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á rọ ọ́ sí àpò. Ibi tó ti wọ àpò yẹn ló ti di aláìṣeékà. Orí òṣùwọ̀n ló ń lọ, nọ́ńbà tí òṣùwọ̀n bá pè ló di owó.

Ẹ rí i bó ṣe yí padà? Owó ẹyọ: òyìnbó wọ̀n ọ́n, àwa kà á. Kòkó: àwa kà á, òyìnbó wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń di òṣùwọ̀n mú kì í ṣe àgbẹ̀ nínú méjèèjì. Láti ayé Board (Cocoa Marketing Board dé ní 1947, ìjọba fọ́ èyí tó kẹ́yìn ká ní 1986) títí di ìsinsìnyí, ẹ̀sùn tí àgbẹ̀ máa ń fi kan ẹni tó ń ra kòkó ò yí padà: òṣùwọ̀n yín ò pé. Tẹ́ ẹ bá fi èso ogójì gba owó lọ́wọ́ mi, mo lè kà á níṣojú yín. Tó bá ti di kílò, àfi kí n gbà yín gbọ́.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òwò kòkó fúnra ẹ̀ ò lè sá fún kíkà. Àwọn tó ń yẹ kòkó wò máa ń bu 300 wóró látinú ẹrù, wọ́n á fi ọ̀bẹ là wọ́n ní gígùn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wo inú wọn. Mélòó ló ti bu? Mélòó ni inú ẹ̀ rí bíi sílétì, tó fi hàn pé wọn ò bò ó pẹ́ tó? Mélòó ni kòkòrò ti jẹ? Tí èyí tó bu bá ju 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kì í ṣe Grade I mọ́. Nínú 300, mẹ́sàn-án nìyẹn. Wóró kẹwàá ló máa já yín wálẹ̀ sí Grade II. Tó bá dé mẹ́tàlá, Grade II náà ò gbà á.

Ẹ fojú inú wò ó. Iṣẹ́ ọdún kan gbáko, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ní kò ṣeé kà, wóró kan ṣoṣo ló ń pinnu ipò ẹ̀. Wọ́n tún ń ka iye wóró tó wà nínú 100 giramu. Wóró tó dáa máa ń tó bí ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn fi hàn pé wóró kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó giramu kan. Àpò kan ní Ghana jẹ́ 62.5 kílò, mẹ́rìndínlógún ló ń ṣe tọ́ọ̀nù kan. Tá a bá wá fi ojú àwọn baba wa wò ó, wóró tó wà nínú àpò kan lé díẹ̀ ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta. Ní London, ibi tí wọ́n ti ń ta kòkó tí kò tíì dé, tọ́ọ̀nù mẹ́wàá ni wọ́n ń tà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn tó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọ̀kẹ́ wóró. Mílíọ̀nù mẹ́wàá! Kò sẹ́ni tó máa rí ọ̀kan nínú ẹ̀ lójú lórí kọ̀ǹpútà níbẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí “furnitures”.

Àṣìṣe yìí gbajúmọ̀ láàárín wa débi pé David Jowitt kọ nípa irú ẹ̀ nínú ìwé tó ṣe lórí Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ní 1991. Furnitures, equipments, advices, informations, luggages. Àwọn kan máa ń sọ pé àìkàwé ni. Irọ́ ni, jàre. Ẹni tó ń sọ “advices” ń ronú dáadáa, èdè ẹ̀ ló fi ń ronú. Ìmọ̀ràn méjì ò ṣẹ̀ ní Yorùbá. Ìròyìn mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́rin, ẹrù márùn-ún, kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í lé nọ́ńbà sẹ́yìn. Ẹ wọ bukà, ẹ ní “omi mẹ́ta”, wọ́n á gbé pọ̀ọ̀ wọ́tà mẹ́ta fún yín. Ẹ ní “ìrẹsì méjì”, àwo méjì ló ń bọ̀. Ẹ sọ ọ́ nílé ẹni tó ń tà á lápò, àpò méjì ni. “Yanrìn mẹ́ta” lẹ́nu bíríkìlà, tipa mẹ́ta ni. Ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ibi tẹ́ ẹ wà ló ń sọ èyí tó jẹ́. Tá a bá sì fẹ́ là á kalẹ̀, a ní ohun èlò ẹ̀: wóró iyọ̀, ẹ̀kán omi, ìdì igi, agolo mílíìkì, àti dẹ́ríkà, tó jẹ́ pé agolo tòmátò De Rica ló fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún wa.

Ẹ wá rin kìlómítà díẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, ẹ kọjá ẹnubodè. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Kétu tàbí Sákétẹ́ ní Benin, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ nílé ìwé. Tó bá kọ “informations” pẹ̀lú s, ó gbà á. “Meubles”, ìyẹn furniture, ó ní s, ó gbà á. “Conseils”, ìmọ̀ràn, ó gbà á. “Bagages”, ó gbà á. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń sọ Yorùbá kan náà, tí wọ́n ń ronú bákan náà. Ọ̀kan wà ní Ìmẹ̀kọ, wọ́n yọ máàkì ẹ̀. Ìkejì wà ní Kétu, wọ́n fún un ní máàkì. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà láàárín wọn ní 1889 ló pinnu pé ìmọ̀ràn ṣeé kà tàbí kò ṣeé kà. Kẹ́ ẹ wá sọ fún mi pé ọpọlọ ló yàtọ̀!

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn halẹ̀ mọ́ yín. Láyé àtijọ́ wọ́n ń kọ “informations”, lọ́ọ̀yà ilẹ̀ wọn ṣì ń lò ó. Ìwé ìròyìn àti lẹ́tà oníṣòwò ayé ìgbà yẹn kún fún “advices”. Èyí tó dùn jù ni ti “pea”. Nígbà kan “pease” ni wọ́n ń pè é, aláìṣeékà bíi ti ìrẹsì. Etí àwọn èèyàn gbọ́ “z” tó wà nídìí ẹ̀, wọ́n rò pé s ni, wọ́n ní á jẹ́ pé ọ̀kan ẹ̀ ń jẹ́ “pea”. Bí wọ́n ṣe ṣèèṣì dá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ nìyẹn, ní bí irínwó ọdún sẹ́yìn. Ó di Gẹ̀ẹ́sì tó péye. Àṣìṣe tiwọn di gírámà, tiwa di báírò pupa. Ní January 2020, ìwé atúmọ̀ Oxford gba ọ̀rọ̀ Nàìjíríà wọlé, danfo wọlé, mama put wọlé, next tomorrow wọlé. “Furnitures” ò bá wọn wọlé o.

Nǹkan kan tún wà tí kíláàsì kì í dárúkọ. “Àwọn” tá a fi ń sọ ọ̀pọ̀, kì í ṣe iye nìkan ló ń sọ. “Àwọn bàbá ti dé, wọ́n wà ní pálọ̀.” Èèyàn mélòó ló wà ní pálọ̀? Ó lè jẹ́ ẹyọ kan. Ọ̀wọ̀ ló sọ ọ́ di púpọ̀. Torí náà ọmọ tó bá sọ “my daddy, they are sleeping” mọ iye bàbá tó ní. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń sọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì ò sì ní àyè fún un.

Kí ló wá ń dùn mí nínú gbogbo èyí? Ìdánwò ni. Nínú 180 ìbéèrè JAMB, 60 ni Use of English. Àwọn ìbéèrè yòókù, fisíìsì, ọrọ̀ ajé, iṣẹ́ àgbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì náà ni wọ́n fi kọ wọ́n. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó kan ní Ọ̀wẹ̀nà lè mọ ìgbà tí èso pọ́n tó kíká, kó mọ wóró tó ti bu kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án. Tí kò bá gba credit nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ṣòro kí yunifásítì tó gbà á láti lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkó yẹn. Ohun tó lè já a sílẹ̀ ni s kan tí ìran tó sọ “pease” di “pea” fúnra wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kà sí.

Mi ò sọ pé ká má kọ́ ọ. Ẹni tó máa wọ ọjà náà gbọ́dọ̀ mọ òṣùwọ̀n wọn. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa ni mò ń bá jà. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún odidi ọdún mẹ́fà aláàkọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra ẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ká ní tíṣà lè sọ fún ọmọ pé, “Ẹ wò ó, ní Yorùbá ìmọ̀ràn méjì tọ̀nà, ní Faransé ó tọ̀nà, ní Gẹ̀ẹ́sì ẹ máa ní *two pieces of advice*, ẹ fi *piece* ṣe ẹyọ,” ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ọ̀rọ̀ tán. Ọmọ tó mọ wóró iyọ̀ àti ìdì igi ti mọ ohun tí “piece” ń ṣe tipẹ́.

Àwa ọmọ ìsinsìnyí gan-an, ẹ wo ohun tá à ń ṣe sí “data”. Látìnì ni, ọ̀pọ̀ ni, “datum” ni ẹyọ kan. Òyìnbó sọ ọ́ di aláìṣeékà. Àwa wá gbà á, a ní “ta gíígì méjì fún mi”. Òṣùwọ̀n tuntun nìyẹn, à ń wọ̀n ọ́n bí ìrẹsì. Ẹ̀sùn àtijọ́ náà ò sì gbẹ́yìn, ṣebí ẹ máa ń pariwo lórí TL níbí pé wọ́n ń jí data yín.

Ní Ọ̀wẹ̀nà, nǹkan ti tún fẹ́ yí padà. December 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá $12,000 ní New York, gbogbo èèyàn sáré padà sóko bàbá wọn. Ṣùgbọ́n ní 2023 àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ṣòfin kan: kòkó tó bá ti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó ẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ kẹtàlélọ́gbọ̀n... ẹ má bínú, ìka mi yára jù: lẹ́yìn December 31, 2020, kò gbọ́dọ̀ wọ ọjà wọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ òfin náà ṣì wà. Oko kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ibi tó wà lórí máàpù. Oko tó bá ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, wọ́n máa fa ìlà yí i ká pátá. Kòkó tí wọn ò bá mọ oko ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dà pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n mọ̀.

Ìyẹn ni pé àwọn tó sọ kòkó di aláìṣeékà láti ọjọ́ yìí ló tún wá ń sọ pé ká kà á, oko lóko, àgbẹ̀ lágbẹ̀. Ẹni tí fóònù ẹ̀ ò ní GPS, tí kò sì ní ìwé ilẹ̀ torí ìṣákọ́lẹ̀ ló ń san fún onílẹ̀, kò tíì sí ẹni tó ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe máa kà á. Lórí ìwé tó máa tẹ̀ lé àpò ẹ̀ dé Amsterdam, orúkọ oko lè wà níbẹ̀, nọ́ńbà máàpù lè wà níbẹ̀. Lábẹ́ ẹ̀, wọ́n á ṣì kọ “cocoa”, láìsí s.